Etí Mi Ń Hó Yee, Mo Sì Ń Sùn
Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní Sábó, n'Íkòròdú níbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ọdún Iléyá, mo pa ẹ̀rọ, ariwo ò dákẹ́. Ó ń hó yee ní etí mi méjèèjì, bí ìrẹ̀ tó sá sábẹ́ ibùsùn. Mo gbé fóòmù, mo gbálẹ̀, mi ò rí ìrẹ̀ kankan.

Ìyá Ìbejì tó ń ta èlùbọ́ nítòsí mi ní kí n kán àdí àgbọn sí i, kí n fi ìyẹ́ adìẹ nu inú rẹ̀. Ire ni wọ́n fẹ́ fún mi, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ìyẹ́ yẹn ti ìdọ̀tí etí wọnú ni, mi ò wá gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́.

Dókítà etí kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí náà. Wọ́n wá mú mi wọ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì tí mo bá ti gbọ́ ìró. Ìró tó wúwo, mo gbọ́. Èyí tó tínrín bíi fèrè, ojú nọ́ọ̀sì ni mo kàn ń wò.

Wọ́n ní irun wínníwínní kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gbé ìró lọ fún ọpọlọ. Ariwo ẹ̀rọ ti pa nínú wọn, wọn kì í sì í hù padà. Ọpọlọ tí kò rí ìró yẹn gbà mọ́ ló ń hó fúnra rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ń lo kìníní, torí òun náà máa ń mú etí hó. Mo ní rárá. Wọ́n ní kò sí oògùn tó ń pa á. Mo sunkún nínú mọ́tò títí délé.

Òru ló le jù. Bí ilé bá ti parọ́rọ́ ni ìrẹ̀ mi ń jí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí yàrá dákẹ́ rárá: kí n tan fáànù tí iná bá wà, kí n tan rédíò oníbátìrì tí kò bá sí. Mo yí rédíò síbi tí kò ti sí ilé iṣẹ́ kankan, tó kàn ń ṣe ṣàà bí òjò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé e sókè, mo fẹ́ fi bo ariwo náà mọ́lẹ̀. Mi ò rí oorun sùn. Ìgbà tí mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí mò ń gbọ́ méjèèjì pọ̀, ni oorun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí.

Lọ́jà, mo ra ìbotí irú èyí táwọn tó ń la pákó máa ń dé. Òwú tí mò ń ki bọ etí tẹ́lẹ̀ ò dá ariwo dúró.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ń lù kì-kì bí àyà, tàbí tó jẹ́ etí kan ṣoṣo, kó rí dókítà. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ṣàdédé di, kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lóru àná, wọ́n mú iná, fáànù dúró, ìrẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Mo nawọ́ sí rédíò, mo sì sùn lọ títí wọ́n fi pe ìrun Àsùbáà.