Bíìlì owó orí ilé ní Houston: bí ẹ ṣe máa kà á, ìgbà tí ẹ lè jà, àti bí ẹ ṣe máa san án

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ra ilé ní Houston, Katy, Richmond, Missouri City, títí dé Rosharon lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ìpínlẹ̀ Texas ò gba owó orí lórí owó oṣù, a sì máa ń fi ìyẹn yangàn fáwọn tó wà ní Maryland àti New York, àmọ́ orí ilé ni wọ́n ti ń gbà á padà lọ́wọ́ wa. Ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń gbà á, káúńtì, ìlú, iléèwé agbègbè yín, ọsibítù ìjọba, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti MUD (ìyẹn àjọ tó ń bójú tó omi àti ìdọ̀tí ládùúgbò) ni wọ́n jọ ń pín in. Ohun tó ń kó bá àwọn èèyàn ni pé wọ́n á dákẹ́ jẹ́jẹ́ títí bíìlì á fi dé ní ìparí ọdún, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá máa pariwo, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Éprìlì sí Méè ni wọ́n ń ja ìjà iye ilé.

Ọ́fíìsì méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Èyí tó ń díye lé ilé ni appraisal district. Ní Harris County, HCAD la mọ̀ ọ́n sí, hcad.org ni wẹ́bùsáìtì wọn, àwọn ará Fort Bend ní tiwọn lọ́tọ̀, FBCAD. Èyí tó ń gbowó ni tax office, ti Harris wà ní hctax.net. Tẹ́ ẹ bá lọ bá àwọn agbowó pé ilé yín ò tó iye tí wọ́n kọ, wọ́n á kàn máa wò yín ni, wọn ò lè yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìwé ilé gan-an, ìyẹn deed, ọ̀dọ̀ county clerk ló wà, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀nà kẹta.

Ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì appraisal district, ẹ fi orúkọ tàbí àdírẹ́sì wá ilé yín. Kò sí password kankan o, gbogbo ayé ló lè wò ó, àna yín lè jókòó sí Ìbàdàn kó máa ka iye ilé yín. Ní Harris, nọ́ńbà account jẹ́ díjíìtì 13, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ torí òun náà lẹ máa lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ilé náà: square feet mélòó, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ṣé wọn ò kọ swimming pool sí ilé tí kò ní. Tí square feet bá ju tòótọ́ lọ, ẹ̀ ń sanwó yàrá tí kò sí nìyẹn.

Ẹ máa rí market value àti appraised value. Market value ni iye tí wọ́n rò pé ilé náà lè tà ní Jánúárì ọjọ́ kìíní ọdún yẹn, kì í ṣe lónìí o, ọjọ́ kìíní yẹn gan-an. Appraised value ni iye lẹ́yìn tí òfin bá ti fún un ní ààlà, ó lè kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹ ò ní rí iye tí ẹ ra ilé yín níbẹ̀ torí òfin Texas ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti sọ iye tó ra ilé, àwọn HCAD náà ń fojú díwọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú closing statement yín dáadáa, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ parí ríra ilé, tó fi iye tẹ́ ẹ rà á hàn.

Homestead exemption, ìyẹn ẹ̀dínwó owó orí fún ilé téèyàn ń gbé fúnra ẹ̀, ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń pàdé àwọn tó ti ń gbé inú ilé wọn látọjọ́ pípẹ́ tí wọn ò tíì kọ̀wé fún un, wọ́n ní àwọn rò pé báńkì ti bá àwọn ṣe é. Báńkì ò bá ẹnikẹ́ni ṣe é o! Ilé tí ẹ̀ ń gbé gan-an ni wọ́n ń fún, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi rẹ́ǹtì. Látọdún 2025, lẹ́yìn táwọn ará Texas dìbò sí i ní Nòfẹ́ńbà, 140,000 dọ́là ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé kí iléèwé tó ṣírò tiwọn, 100,000 ni tẹ́lẹ̀. Ká ní ilé yín jẹ́ 300,000 tí iléèwé sì ń gba dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan, láìsí homestead ẹ máa san 3,000, tí homestead bá wà á di 1,600, iléèwé nìkan nìyẹn o. Yàtọ̀ síyẹn, bó bá ti di ọdún tó tẹ̀ lé ọdún àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gba homestead, appraised value ò lè fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún kan, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́ nǹkan tuntun kún ilé. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ẹ̀, àdírẹ́sì orí driver's license yín sì gbọ́dọ̀ bá ti ilé náà mu. Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà tó jọ ti ìjọba ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ sanwó kí wọ́n bá yín kọ ọ́, ẹ jù ú nù. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé ẹ̀ lọ́dún tó kọjá náà, ẹ ṣì lè kọ̀wé padà sẹ́yìn dé bí ọdún méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilé tuntun lọ́wọ́ builder, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí kò bá tíì sí ilé lórí ilẹ̀ náà ní Jánúárì ọjọ́ kìíní, bíìlì ọdún yẹn máa jẹ́ ti ilẹ̀ nìkan. Ó máa kéré, inú yín á dùn, ẹni tó yá yín lówó ilé á sì lè fi iye kékeré yẹn ṣírò escrow yín, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà mọ́ owó ilé lóṣooṣù láti fi bá yín san owó orí. Ọdún kejì ni wọ́n á wá díye lé ilé àtilẹ̀ pọ̀, owó inú escrow ò ní tó mọ́, owó tẹ́ ẹ̀ ń san lóṣooṣù á ṣàdédé fò sókè, ẹ̀yin á sì máa rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n ṣírò ẹ̀ lórí ilé tó pé. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilé tó ti pẹ́, ẹ má fi bíìlì ẹni tó ń tà á ṣe ìṣirò, ó lè jẹ́ bàbá àgbàlagbà tí wọ́n ti dá owó orí tí iléèwé ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ dúró sójú kan, gbogbo ẹ̀dínwó yẹn máa bá bàbá lọ ni. Ẹ béèrè bóyá MUD wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ló yá owó tí wọ́n fi ri páìpù omi àti ti ìdọ̀tí sí àwọn ẹ́sítéètì tuntun, ẹ̀yin lẹ sì máa bá wọn san án.

Ó wá ku ìjà. Lẹ́tà iye ilé máa ń dé láàárín Éprìlì sí Méè. Ẹ ní títí di Méè 15, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ní Harris, nọ́ńbà iFile wà lórí lẹ́tà náà, òun lẹ máa fi ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ìdí méjèèjì, pé iye náà ju ti ọjà lọ, àti pé kò dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ilé tó jọ tiyín, torí pé ìkejì yìí ló máa ń rọrùn láti fi hàn: ẹ kàn máa wo àwọn ilé ládùúgbò tó tó tiyín, ẹ pín iye wọn sí square feet, ẹ wò ó bóyá tiyín ló ga jù. Ẹ ya fọ́tò ògiri tó là àti òrùlé tó ń jò, kẹ́ ẹ gba ìwé iye àtúnṣe lọ́wọ́ káńtíráátọ̀. Wọ́n lè fún yín ní iye kan kẹ́ ẹ gbà, tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn ẹ kọ̀ ọ́, ẹ lọ síwájú ARB, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iye ilé, ará ìlú bíi tiwa ni wọ́n, òṣìṣẹ́ HCAD kọ́. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé wọ́n á tún lé iye náà sókè, òfin ti sọ pé ARB ò lè gbé e kọjá èyí tó wà nínú ìwé appraisal district. Àwọn kọ́ńpìnì tó ń bá èèyàn jà á máa ń gba ìdá kan nínú owó tẹ́ ẹ bá rí yọ, kò burú, àmọ́ èmi ṣì máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín.

Tó bá kan sísan, bíìlì ń dé láti bí Òkítóbà sí Nòfẹ́ńbà, Jánúárì 31 ni òpin. Ẹni tó ti san Land Use Charge rí l'Ékòó á retí bébà kan ṣoṣo, níbí, ti MUD tàbí ti iléèwé lè wá lọ́tọ̀ láti ọ́fíìsì mìíràn, ẹ kà wọ́n kó pé. Tẹ́ ẹ bá ní escrow, ẹ ṣì lọ wo account yín ní ọ̀sẹ̀ kejì Jánúárì kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti san án. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì san án, wọ́n á fi owó lé e, e-check ló sàn. Tó bá jẹ́ lẹ́tà ni, èdìdì post office gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ fi í ránṣẹ́ ó pẹ́ tán Jánúárì 31. Ẹ má sì sọ pé ẹ ò rí bíìlì o, òfin ò ka ìyẹn sí àwíjàre.

Tí Fẹ́búárì bá bá a, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi kún un, 6,000 á di 6,420. Tó bá fi di Júláì, ó ti di ìdá méjìdínlógún, ìyẹn 7,080, owó lọ́yà sì tún lè tó ìdá ogún lórí ìyẹn, 8,496 dọ́là. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ ilé tẹ́ ẹ ní homestead lé lórí ni, tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù 12 sí 36.

Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 65 lè pín bíìlì sọ́nà mẹ́rin láìsí owó ìtanràn. Tí ọwọ́ màmá tàbí bàbá ò bá tiẹ̀ ká a rárá, tó sì jẹ́ pé orúkọ wọn ló wà lórí ilé, kí wọ́n lọ gba fọ́ọ̀mù deferral, ìyẹn ti sísún owó náà síwájú, lọ́dọ̀ appraisal district, wọn ò ní lè gba ilé náà lọ́wọ́ wọn nítorí owó orí níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń gbé inú ẹ̀. Èlé ìdá márùn-ún lọ́dún ló máa máa gùn ún, torí náà kẹ́yin ọmọ ti mọ̀ pé gbèsè ń bẹ lórí ilé náà.