Ẹ yí orúkọ schema padà kí dátà tó wọlé

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ fi irinṣẹ́ pgloader kó dátà láti inú database MySQL lọ sí ti PostgreSQL, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ schema (ìyẹn àpò tí PostgreSQL máa ń kó àwọn table sí nínú database) dáadáa. Orúkọ database yín ní MySQL ni pgloader máa fi ṣe orúkọ schema. Tí database bá ń jẹ́ iwe, inú schema iwe ni gbogbo table á bọ́ sí, kì í ṣe public, schema tí PostgreSQL máa ń lò tí ẹ ò bá dárúkọ òmíràn. Ibi tó ti ń dunni jù ni pé tí áàpù bá ti ṣẹ̀dá table tirẹ̀ sílẹ̀ nínú public, àwọn òfìfo yẹn ni yóò máa kà. Ẹ̀yin á rò pé dátà ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ digbí.

Ìlà kan péré ni oògùn rẹ̀, inú fáìlì .load, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí ẹ ń fún pgloader, lẹ máa kọ ọ́ sí:

ALTER SCHEMA 'iwe' RENAME TO 'public'

Bó ṣe ń kó dátà ni yóò máa yí i padà. MySQL yín ò ní í yí rárá. Tó bá jẹ́ láti SQL Server lẹ ti ń kó dátà, 'dbo', orúkọ schema tí SQL Server máa ń lò, lẹ máa fi rọ́pò 'iwe'. Tí table bá sì ti wà nílẹ̀, ẹ fi WITH data only (kó dátà nìkan, má ṣẹ̀dá table) kún fáìlì náà, kí pgloader má baà tú àwọn table yẹn ká. Ẹ tẹ \dt, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn table jáde, nínú psql (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún PostgreSQL) tó bá parí, kí ẹ wo òpó Schema.