Bí mo ṣe yọ fọ́tò ìgbéyàwó kúrò nínú hard drive tó ń kú lọ

Ọmọ mi kọsẹ̀ lára okùn, hard drive (àpótí kékeré tí mo ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà pa mọ́ sí) tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bọ́ láti orí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Fọ́tò ìgbéyàwó tí mo yà lọ́jọ́ Sátidé wà nínú rẹ̀, mo sì ti pa ti inú káàdì kámẹ́rà rẹ́. Àyà mi já.

Mo yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo tún fi í sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìwà òmùgọ̀ gbáà. Àwo tó wà nínú rẹ̀ ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí kékeré tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ láì fara kàn án. Bó bá já lé e, ṣe ló máa ń ha á bí ẹni fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ariwo náà dáwọ́ dúró. Windows wá ń bi mí bóyá kóun fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kóun nù ún mọ́ fún ìlò tuntun. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Má wulẹ̀ tún un ṣe o. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná. Ká ní ó ṣì ń dún ni, mi ò ní jẹ́ kó o tàn án mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣí i ní yàrá tí kò ní eruku ni wàá gbé e lọ.”

(Ẹnì kan ní kí n gbé e sí fírísà. Ẹja ni mo ń gbé síbẹ̀ ní tèmi.)

Mo wá hard drive òmíràn tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ 2TB (terabyte) nítorí 1TB ni ti tẹ́lẹ̀, mo tan Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, mo tẹ àṣẹ yìí kí ètò ddrescue lè ṣe ẹ̀dà gbogbo inú èyí tó bàjẹ́ (/dev/sdb) sínú fáìlì kan (igbeyawo.img):

ddrescue -n /dev/sdb igbeyawo.img igbeyawo.map

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ddrescue ni pé kì í bá ibi tó bàjẹ́ wọ̀jà. Á fò ó, á kọ́kọ́ kó èyí tó dáa, á sì máa kọ ibi tó dé sínú fáìlì map yẹn. Iná ò sí, bátìrì kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún àṣẹ kan náà tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Nígbà tó parí, mo fi -r3 rọ́pò -n (èyí tó ní kó má tíì rin kinkin mọ́ ibi tó bàjẹ́) kó lè padà gbìyànjú ibi tó fò nígbà mẹ́ta sí i.

Orí ẹ̀dà yẹn ni mo ti wá lo PhotoRec, ètò tó ń wá fọ́tò tó sọnù jáde. Orúkọ fáìlì kankan ò kù, n kàn ń rí f0, f1, nọ́ńbà gbọọrọ. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi tò wọ́n.

Mọ́kànlá nínú fọ́tò náà ò pé, ìlàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí bí eérú. Ibi tí ìyàwó ti kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ wà lára wọn. Mo pe ìyàwó náà, mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo inú fídíò, bóyá ẹ máa rí i mú níbẹ̀.”