Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Òwò Ilẹ̀ àti Ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ sórí ilẹ̀ tàbí ilé ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ìdílé tó ni ilẹ̀ náà ni kó kọ́kọ́ wádìí kó tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lọ́jà lágbègbè wa ṣì jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, ohun tó sì ń sọ owó olówó di ẹjọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó gba owó kò ní àṣẹ láti tà á.

Bí baba kan bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ilẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in, ìdí-igi ni wọ́n sábà ń lò, níbi tí ìyá kọ̀ọ̀kan tó bímọ fún baba ti jẹ́ ẹ̀ka kan, tí àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ olórí ẹ̀ka náà. Bí ìyẹn bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, olórí ẹbí lè pinnu pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n pín in, ìyẹn ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba. Àwọn olórí ẹ̀ka wọ̀nyí ni ohùn wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan pẹ̀lú ti olórí ẹbí kí ilẹ̀ tó tà. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ti fìdí èyí múlẹ̀ tipẹ́: bí àwọn ọmọ ìdílé bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn olórí ẹ̀ka, àwọn tó kù lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, ẹ bèèrè iye ìyàwó tí baba tó ni ilẹ̀ fẹ́, ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí olúkúlùkù wọn wà. Ẹ má ṣe gbàgbé ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ ní Èkó, tàbí ọmọkùnrin tó ti pẹ́ ní òkè òkun, nítorí pé irú wọn ló sábà ń dé nígbà tí ìpìlẹ̀ ti jáde nílẹ̀. Kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń tà nìkan ni kí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí: ẹ bi àwọn tí ilẹ̀ wọn bá a pààlà, kí ẹ sì bi baálẹ̀ àdúgbò.

Ìgbà kan wà lọ́dún tí ìwádìí yìí rọrùn ju ìgbà mìíràn lọ. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó fọ́n káàkiri a sì máa wálé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ lè bá ìdílé jókòó nígbà tí ojú gbogbo wọn pé, kí ẹ gbọ́ ohùn wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má san owó láàárín ọ̀sẹ̀ ọdún. Kò sí iṣẹ́ ìwé kan tó lè parí láàárín àkókò yẹn.

Lẹ́yìn ìdílé ni ìwé. Bí wọ́n bá gbé ìwé sọ́fè wá, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó yẹ kí ẹ rí orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, àdúgbò tí ilẹ̀ wà, bí ó ṣe fẹ̀ tó ní ìwọ̀n mítà, nọ́ńbà tó wà lára òpó kọnkéré ààlà kọ̀ọ̀kan, ìlà pupa tó yí ilẹ̀ ká, àti òǹtẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ wá mú awọnlẹ̀ tiyín dání lọ sórí ilẹ̀ náà, kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wá àwọn òpó yẹn kàn. Òpó tí a kò rí, tàbí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu, tó ìdí láti dáwọ́ dúró ná. Lẹ́yìn èyí, kí awọnlẹ̀ náà mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, tàbí ó gun orí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì jù lọ ní àyíká oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Benin, àti láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ pápákọ̀ òfúrufú sí.

Rìsíìtì ìdílé nìkan kò tó. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, abala 22 nínú rẹ̀ sì béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà kí ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí agbẹjọ́rò tiyín, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kọ ìwé àdéhùn, kí olórí ẹbí àti àwọn olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn náà sọ gbangba pé owó tí ẹ san ti kó gbogbo owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó ìbuwọ́lùwé tí àwọn ọmọ onílẹ̀ lè béèrè pọ̀. Bí àwọn jàǹdùkú bá sì fẹ́ fi agbára lé yín kúrò, Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin ní 2016 tó sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn ńlá. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má háyà jàǹdùkú tiyín.

Ibi tí ẹ máa rà dúró lórí ẹni tó máa yá a gbé. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ wà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ìta ọgbà, ilé oníyàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀ sì ni wọ́n ń wá. Ìjagun, níbi tí yunifásítì Tai Solarin wà, náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní Ìlíṣàn, ẹ̀wẹ̀, inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Babcock sábà ń gbé, nítorí náà ẹni tó bá kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀ ti ṣì í gbé; ilé oníyàrá méjì fún òṣìṣẹ́ yunifásítì àti ti ilé ìwòsàn rẹ̀ ló bá ibẹ̀ mu. Ògijo kún fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńláńlá. Ní tèmi, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ igbó tó jìnnà nítorí pé ó pọ́ọ́kú, bí kò bá ní owó mìíràn tó máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà ní ìgbà òjò, ní oṣù kẹfà sí ìkeje tàbí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ àkùrọ̀, pàápàá ní ìhà gúúsù Ìjẹ̀bú tó súnmọ́ ọ̀sà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí: bí ibi tí omi dé bá ti fi ìlà dúdú sílẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù, ẹ ti mọ ohun tí ìpìlẹ̀ máa jẹ lówó.

Ní ti owó, pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 nípa 120 ẹsẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 669 níbùú lóòró, mẹ́fà irú rẹ̀ ló sì wà nínú éékà kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mẹ́fà lè para pọ̀ ra éékà kan, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ní sọ́fè àti ìwé àdéhùn tirẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ìwé kan ṣoṣo lórúkọ ẹnì kan yóò di ìjà lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú. Ẹ fi owó agbẹjọ́rò, owó èjẹ́ǹtì, owó awọnlẹ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀ kún iye ilẹ̀ kí ẹ tó sọ pé owó yín tó.

Bí ilẹ̀ bá ti di tiyín, ẹ mọ ògiri kékeré yí i ká tàbí kí ẹ gbin nǹkan sí i, kí ẹ sì máa yọjú síbẹ̀, nítorí pé lílò tí ẹ ń lò ó wà lára ohun tí ilé-ẹjọ́ ń wò bí ẹlòmíràn bá jáde wá. Nígbà tí ilé bá parí tí ayálégbé sì wọlé, ẹ fún un ní ìwé àdéhùn àti rìsíìtì, kí ẹ má sì lé e jáde fúnra yín bó bá jẹ owó. Ìwé ìfitónilétí àti ilé-ẹjọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Owó ilé ọdún àkọ́kọ́, bí ìwé ilẹ̀ náà kò bá tíì jáde tán, ẹ fi parí ìwé kí ẹ tó máa wá pulọ́ọ̀tì kejì.