Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Ṣe De Òbí Tí Àrùn Rọpárọsẹ̀ Kọlù

Nígbà tí wọ́n bá ní kí bàbá tàbí ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù máa lọ sílé, ẹ̀kọ́ ìrìn tí wọ́n ń kọ́ ní ọsibítù kò tíì parí. Inú ilé ni yóò ti máa tẹ̀ síwájú lójoojúmọ́, nítorí náà ó yẹ kí a ti tún ilé náà yẹ̀ wò kí wọ́n tó dé.

Ibi ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àga tìmùtìmù pálọ̀ tí ó máa ń gbé ènìyàn mì ni mo kà sí ọ̀tá tí ó burú jù, nítorí pé ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ga ju ìbàdí lọ níbi tí ó jókòó sí kò ní lè dá dìde, àwọn ará ilé yóò sì máa fà á lápá, bẹ́ẹ̀ èjìká apá tí ó ti rọ lè yẹ̀ bí a bá ń fà á. Àga onígi tí ó ní apá méjèèjì, tí ó ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50, ni ó dára, níwọ̀n ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bá kanlẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń gbé ìyá mi dìde lórí àga pálọ̀. Lọ́jọ́ tí a gbé àga onígi wá, wọ́n tẹ ọwọ́ ọ̀tún mọ́ apá àga, wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi kọjá orúnkún, wọ́n sì dìde láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rin ọ̀nà tí ó lọ láti ibùsùn dé balùwẹ̀ fúnra yín lóru, nígbà tí kò sí iná. Ohunkóhun tí ó bá mú yín kọsẹ̀, ìbáà ṣe etí kápẹ́ẹ̀tì, wáyà tàbí bàtà ẹnu ọ̀nà, ẹ kó o kúrò. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ìhà ọwọ́ wọn tí ó lágbára, ẹ sì fi bàtà tí ó di gìgísẹ̀ mú rọ́pò sálúbàtà. Nínú balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, nítorí irin tí a ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ kò lè gbé ènìyàn dúró. Bí ó bá jẹ́ ṣáláńgá ni ẹ ń lò, ẹ wá àga tí a lu ihò sí láàárín, kí wọ́n má baà lóṣòó.

Àwa ọmọ gan-an wà lára ohun tí ó yí wọn ká. Ọ̀wọ̀ máa ń mú kí á sáré ṣe ohun gbogbo fún wọn, ṣùgbọ́n apá tí a kò lò kì í tún lágbára. Ẹ gbé ife omi sí ibi tí wọ́n ti lè nawọ́ mú un, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi gbé e dé ẹnu.