Bí A Ṣe Ń Gba Ìtọ́jú ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí àìsàn bá gbé kúrò ní oko kòkó Ìdànrè tàbí ti Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni ó máa ń gba ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́ lọ tààrà, nítorí wọ́n gbà pé ibi tí ilé bá ti ga ni ìtọ́jú gidi wà. Wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, ó sì lè di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ilé wọn ì bá ti tọ́jú ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ìpele mẹ́ta ni ilé ìwòsàn ìjọba pín sí. Ilé ìlera alábọ́dé, tí gbogbo wa ń pè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ló ṣáájú. Ibẹ̀ ni a ti ń tọ́jú ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ọgbẹ́ àdá àti aboyún, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ ti ń gba àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́nẹ́rà, ìyẹn ilé ìwòsàn gbogbogbò ti ìjọba ìpínlẹ̀, ló tẹ̀ lé e. Ìpele kẹta ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ síwájú, nítorí inú lẹ́tà yẹn ni dókítà yóò ti rí ohun tí wọ́n ti ṣe àti oògùn tí wọ́n ti lò, tí kò fi ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí kí ẹ sì tún sanwó tẹ́sìtì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò sí nínú pàjáwìrì o. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọmọ tí gìrì mú, ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù lọ tó lè tọ́jú wọn ni kí ẹ gbé wọn lọ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn 100,000 náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, ó sì lè jẹ méjèèjì.

Ibi tí mo rò pé a ti ń pàdánù jù lọ ni iwájú dókítà gan-an. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹnìkan lè fi pe ìdí yíyọ, ẹlòmíràn lè fi pe ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹ̀yìn dídùn ni ẹlòmíràn ń wí, oògùn wọn kò sì papọ̀ rárá. Dípò kí ẹ dárúkọ àìsàn, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń dunni, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, bóyá oúnjẹ ń wọlé. Bí ẹ bá ti mu àgbo, ẹ sọ ọ́ láìtijú, kódà bí nọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ fajú ro, nítorí àgbo mìíràn máa ń bá oògùn òyìnbó jà nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ibà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a bá ń sun igbó, tí eku ń sá wọ inú ilé àti inú gàrí, ibà Lásà, àìsàn tí eku ń kó ran ènìyàn, máa ń jà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ti lo oògùn ibà tán tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, pàápàá tí ọ̀fun ń dùn ún tàbí tí ó ń bì, ẹ má ra oògùn kejì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ padà lọ kíákíá, kí ẹ sì sọ fún wọn bí eku bá wà nínú ilé. Oògùn Lásà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo rí bàbá kan tó tú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jáde láti inú ọ̀rá dúdú: funfun, pupa, aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀, páálí ti dànù. Nọ́ọ̀sì kò lè mọ ohun tó ń lò. Ẹ gbé oògùn lọ nínú páálí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ó ní kí wọ́n fa ilà sí ara páálí náà, ilà kan túmọ̀ sí àárọ̀, ilà méjì túmọ̀ sí alẹ́.

Ní ti owó, Orísun Ìlera ni ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò Abiyamọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ mú nọ́ńbà NIN dání bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì yan ilé ìlera tí ẹsẹ̀ yín lè dé, torí ibẹ̀ ni ìtọ́jú yín yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án. Ẹni tí kò sí nínú ètò, kí ó sanwó níbi tí wọ́n ti ń gbowó nìkan, kí ó sì gba rìsíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi owó sí òun lọ́wọ́, ẹ béèrè mátírọ́ọ̀nù.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ àti nọ́ńbà fóònù ilé ìlera náà sí ẹ̀yìn káàdì yín, kí ẹ sì fi káàdì náà sínú ọ̀rá kan tí òjò kò lè wọ̀.