Bí Corelli ṣe bọ́ sípò lọ́wọ́ wa n'Ífẹ̀

Fáyólìn méjì, sẹ́lò kan (fáyólìn ńlá olóhùn ìsàlẹ̀) àti kíbọ́ọ̀dù la fi ń kọ́ àwọn sonata, ìyẹn orin ohun èlò láìsí ẹni tó ń kọrin, tí Corelli, òǹkọ̀wé orin ará Ítálì, gbé jáde ní 1681. Orin Haydn, òǹkọ̀wé orin tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ò yọ wá lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n ti Corelli yìí kàn ń wúwo ṣáá ni. Fáyólìn kejì ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ta.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Láyé ìgbà yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ fún oníkíbọ́ọ̀dù, wọ́n á wá fi nọ́ńbà sí i. Tí 6 bá wà níbẹ̀, ohùn kẹta àti ìkẹfà sókè ni kó fi kún un. Àbúrò tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wa, orin ìjọ ló mọ́ ọn lára, gbogbo ìka ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó yí i sí ohùn hapsikọ́ọ̀dù (dùùrù àtijọ́ tó ń ta okùn bíi gìtá), kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ohùn méjì péré, kó sì rọ̀ mọ́ sẹ́lò, bí gúdúgúdú ṣe ń dúró sójú kan kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni fáyólìn méjèèjì yọ!

Ìyókù ò le. Àwọn onífáyólìn dín gbígbọn ìka kù, wọ́n sì ń fa ọrun ní kúkúrú. A tún rẹ ohùn A wálẹ̀ láti 440 sí 415 (iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Kíbọ́ọ̀dù náà ṣeé dín ní ààbọ̀ ohùn. (Ọyẹ́ ti ń jẹ́ kí èèkàn fáyólìn máa yọ̀ tẹ́lẹ̀, okùn tó dẹ̀ tù wá lára.) A kì í fi Haydn àti Corelli sí ìrọ̀lẹ́ kan náà mọ́, torí okùn tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè kì í tètè dúró.